Bí a ṣe ń ṣe ìwádìí lórí owó orí ilé-iṣẹ́: láti orí ìbéèrè títí dé orí jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùwádìí)

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ìṣirò owó ló máa ń gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ wá dátà, wọ́n á dà á sínú Stata, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á yọ, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara wọn pé kí ni nọ́ńbà yìí ń wí. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, odindi ọdún kan ló sì bá a lọ. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ tọ́ka sí níbí: kí ẹ mọ bí nọ́ńbà kan ṣe dé inú ìwé kí ẹ tó kó ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ jọ. Owó orí ilé-iṣẹ́ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni òfin, ìṣirò àti ìwà àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti ń pàdé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ́dítọ̀ tàbí lórí èrè tí wọ́n fọwọ́ tún ṣe náà á rí tirẹ̀ mú.

1. Ẹ wá ìbéèrè tó ní ọjọ́ lórí

“Ipa owó orí lórí èrè ilé-iṣẹ́” kì í ṣe ìbéèrè, àkọlé ni. Kò sí ohun tí ẹ lè rí tó máa fi hàn pé ẹ ṣì í. Ìbéèrè tó ṣeé bá ṣiṣẹ́ ní nǹkan mẹ́ta nínú: ohun kan tó yí padà, ọjọ́ tó yí padà, àti àwọn tí ìyípadà náà ò kàn, tí a lè fi wé àwọn tó kàn.

Ẹ wo IFRS 16, èyí tó sọ̀rọ̀ háyà nínú IFRS, àwọn ìlànà ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń lo IFRS lè háyà ọkọ̀ òfurufú fún ọdún mẹ́jọ kí gbèsè owó háyà náà má sì sí láàárín àwọn gbèsè tó kọ sílẹ̀. Inú àlàyé ẹ̀yìn ìwé ni ẹ máa bá a. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 2019, irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé gbèsè gan-an. Kọ́bọ̀ ò kúrò lápò ẹnikẹ́ni. Ojú ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ló yàtọ̀. Ṣé àwọn báńkì tó ń yá wọn lówó wá ń fi ojú mìíràn wò wọ́n? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé báńkì kì í ka àlàyé ẹ̀yìn ìwé nìyẹn. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Èyíkéyìí tó bá yọ, ẹ ti ní nǹkan sọ.

Tàbí kí ẹ wo Amẹ́ríkà. Wọ́n fọwọ́ sí òfin tó mú owó orí ilé-iṣẹ́ wá sílẹ̀ láti 35% sí 21% ní oṣù Kejìlá 2017, 2018 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìlànà ìṣirò sọ pé ọjọ́ tí òfin bá ti fìdí múlẹ̀ ni kí wọ́n tún owó orí tí wọ́n sún síwájú ṣírò (ìyẹn owó orí ọjọ́ iwájú tó ti wà nínú ìwé lónìí; màá ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 3). Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó ní àdánù àtijọ́ tó fẹ́ fi dín owó orí ọjọ́ iwájú kù rí i pé ohun tó ń kà sí dúkìá ti fúyẹ́ lọ́sàn-án kan òru kan, èrè rẹ̀ ti 2017 sì já. Èyí tó jẹ́ pé gbèsè owó orí ló sún síwájú rí èrè tí kò ṣiṣẹ́ fún. Òfin kan náà, ọjọ́ kan náà, ó gbé ọ̀kan sókè ó sì fa èkejì wálẹ̀. Ohun tí olùwádìí ń wá kiri nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni owó orí 15% tí kò gbọ́dọ̀ dín tí àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan lé lórí lábẹ́ OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọrọ̀ ajé, ní 2021. Àwọn ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún wọn tó €750 mílíọ̀nù ló mú. Ẹgbẹ́ tó ń pa €740 mílíọ̀nù àti èyí tó ń pa €760 mílíọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn bí ìbejì, àmọ́ òfin mú ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Ó dùn ún lò fún ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn tó wà nítòsí ìlà náà mọ ibi tí ìlà wà. Ẹ ya àwòrán iye ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ìlà àti lókè rẹ̀ ná. Tí wọ́n bá ṣù jọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ń sá fún un nìyẹn, wọn kì í sì í ṣe ìbejì mọ́.

2. Ìlànà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kì í ṣe jọ́nà

Lára àwọn ìlànà IFRS, IAS 12 ni fún owó orí, IAS 7 fún owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ẹni tó ń lo ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà á ka ASC 740, ìlànà tiwọn lórí owó orí. Kò gùn tó bí ẹ ṣe rò, ẹ ò sì lè máa gba ẹnu ẹlòmíì mọ ohun tí “owó orí” túmọ̀ sí nínú nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ lò.

Tó bá wá kan bébà àwọn olùwádìí, tébù ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Mo máa ń wo tébù tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yan àwọn ilé-iṣẹ́, lẹ́yìn náà tébù àbájáde àkọ́kọ́, kí n tó padà sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Bí tébù ò bá fi ohun tí ọ̀rọ̀ ìṣáájú sọ hàn, ọ̀rọ̀ lásán ló ṣẹ́ kù. Ẹ má sì fi àwọn bébà àtijọ́ sílẹ̀. Ọdún 1968 ni Ball àti Brown tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú Journal of Accounting Research. Àwòrán kan ṣoṣo níbẹ̀ fi hàn pé iye owó ìpín ìdókòwò ti ń rìn lọ síbi tí èrè máa lọ fún oṣù púpọ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó kéde èrè náà. Àwòrán yẹn kọ́ mi ju ogún tébù ìgbàlódé lọ, torí ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ọjọ́ ìkéde kọ́ ni ọjà máa ń gbọ́ ìròyìn.

3. Ẹ fọwọ́ tọ owó orí ilé-iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ìgbésẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń fò nìyí, òun ni mo sì kà sí jù. Ẹ mú ìwé ọdọọdún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ mú bírò. Ẹ jẹ́ ká lo ilé-iṣẹ́ àròsọ kan. Mílíọ̀nù ni gbogbo nọ́ńbà rẹ̀.

Nínú ìwé èrè, èrè kí wọ́n tó yọ owó orí jẹ́ 1,000. Owó orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 220. Òfin ibi tó wà ní 25% ni kó san, a jẹ́ pé 250 ló yẹ ká rí. 30 ti bá ibì kan lọ. Ẹ lọ sí àlàyé ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti so iye tó yẹ mọ́ iye tí wọ́n kọ. IAS 12 ló ní dandan ni kí wọ́n ṣe é. Ó máa ń rí báyìí:

Owó orí ní 25%: 250
Owó tó wọlé tí òfin ò bu owó orí lé: −60
Ìnáwó tí òfin ò gbà kí wọ́n yọ: +20
Àdánù tí wọn ò kà sí dúkìá: +15
Àtúnṣe ọdún tó kọjá: −5
Owó orí inú ìwé èrè: 220

Ẹ má kàn wò ó kọjá. Lára 60 yẹn, ó lè jẹ́ èrè tí ilé-iṣẹ́ mìíràn pín fún un tí wọ́n ti gba owó orí lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìdáǹdè tí ìjọba fún un torí pé ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbì kan. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ ọgbọ́n àrékérekè. 20 sábà máa ń jẹ́ owó ìtanràn àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe 5 kò ju pé wọ́n ti fojú bù ú pọ̀ jù lọ́dún tó kọjá.

15 ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ ọmọ kan, ìyẹn èyí tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ wa yìí, pàdánù. Òfin gbà kó fi àdánù náà dín owó orí ọjọ́ iwájú kù, ṣùgbọ́n kó tó lè kọ ọ́ sínú ìwé bíi dúkìá, àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jèrè tó pọ̀ tó lọ́jọ́ iwájú láti lò ó. Níbí, wọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n lè yí ọkàn padà, èrè á sì fò sókè láìtà ọjà kankan kún èyí tí wọ́n ń tà. Inú ìlà tínńrín yìí ni èrò ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti ń di owó. Mo mọ ẹni tó fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ nìkan gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ó ku bí 220 ṣe pín. Àlàyé ẹ̀yìn ìwé sọ pé 150 jẹ́ ti ọdún yìí, 70 jẹ́ owó orí tí wọ́n sún síwájú. Kí ni wọ́n ń sún? Ẹ ka ẹ̀rọ kan tí wọ́n rà ní 100 sí i. Nínú ìwé ìṣirò, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n pín in sí, 10 lọ́dún. Òfin owó orí gbà wọ́n láàyè láti pín in sí ọdún márùn-ún, 20 lọ́dún. Fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ìnáwó tí wọ́n fi han ìjọba fi 10 ju èyí tí wọ́n fi han àwọn onídókòwò lọ, ìyẹn owó orí 2.5 tí wọn kò tíì san lọ́dọọdún. Tó bá di ọdún kẹfà, ẹ̀rọ náà ti tán lójú òfin owó orí, àmọ́ ó ṣì wà láàyè nínú ìwé ìṣirò. 2.5 tí wọ́n sún síwájú á wá máa padà wá ọ̀kọ̀ọ̀kan títí di ọdún kẹwàá. Ẹ ya èyí sórí bébà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò ní bẹ̀rù owó orí tí a sún síwájú mọ́ láyé yín.

Ní paríparí rẹ̀, ẹ lọ sí ìwé owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Owó orí tí wọ́n san lówó gidi lọ́dún náà: 180. Kì í ṣe 220, kì í sì í ṣe 150, torí pé lára ohun tí wọ́n san lọ́dún yìí, gbèsè ọdún tó kọjá ló wà níbẹ̀, wọn ò sì tíì san ti ọdún yìí tán.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá bi yín pé èèló nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni ilé-iṣẹ́ yìí fi san owó orí, ìyẹn ohun tí àwọn olùwádìí ń pè ní ETR, ìdáhùn mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ yín: 22%, 15%, 18%. Kò sí irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè yín ló máa yan èyí tí ẹ máa lò. Tó bá jẹ́ pé bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń sún owó orí síwájú lẹ fẹ́ mọ̀, 22% ò ní fi nǹkan kan hàn yín, torí pé 70 tí wọ́n sún ti wà nínú rẹ̀. 18% á fi hàn, ṣùgbọ́n ó ń da ọdún kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí Dyreng, Hanlon àti Maydew fi ṣe ohun kan tó rọrùn ní 2008: wọ́n kó owó orí tí ilé-iṣẹ́ san fún ọdún mẹ́wàá pọ̀, wọ́n sì fi èrè ọdún mẹ́wàá náà pín in. Wọ́n rí i pé ti ọdún kan ṣoṣo kì í sọ ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ dáadáa. Wọ́n tún rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ilé-iṣẹ́ náà ló jẹ́ kí tiwọn wà ní 20% tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ń béèrè 35%.

Ilé-iṣẹ́ tó bá pàdánù máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Èyí tó pàdánù 100 tí ìjọba sì dá 20 padà fún máa gbé 20% jáde, àfi bíi pé ó jèrè tó sì san owó orí bí ọmọlúàbí. Èyí tó jèrè 2 tó san 40 máa gbé 2,000% jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yọ àwọn tó pàdánù kúrò, wọ́n á sì há ìyókù mọ́ àárín 0 sí 1. Kò burú, bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún òǹkàwé pé àwọn tó jèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yín kàn.

4. Dátà

EDGAR, ibi tí ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà ń bójú tó, wà fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí fásitì rẹ̀ bá ń sanwó fún Compustat, àkójọ dátà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tà, tàbí irú rẹ̀ á tètè débẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó irú dátà bẹ́ẹ̀ jọ máa ń da àwọn ìlà pọ̀. Ìlà 15 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè má bá a níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ ni ẹ máa fi kó o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi. Mo kó dátà ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan fúnra mi, àbájáde rẹ̀ sì dùn débi pé mo ti ń kọ bébà. Ilé-iṣẹ́ kan nínú wọn ti ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún fún ọdún mẹ́rin. Lọ́dún karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní mílíọ̀nù. Òkè tébù ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà kékeré. Èmi ò rí i. Òun nìkan ló ń fa gbogbo àbájáde mi. Láti ọjọ́ yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ṣe ni pé kí n fi nọ́ńbà ọdún kọ̀ọ̀kan pín ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, kí n sì fojú ara mi wo èyí tó bá ju 5 lọ tàbí tí kò tó 0.2.

Ẹ tún ṣọ́ ọjọ́ tí ọdún ìṣirò parí. Ọdún “2018” ti ilé-iṣẹ́ tó ń parí ọdún ní oṣù Kẹfà bẹ̀rẹ̀ ní àárín 2017, nítorí náà òfin tuntun lè má mú ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà tí wọ́n ti tún kọ pẹ̀lú: 2016 inú ìwé 2016 lè má bá 2016 inú ìwé 2017 mu. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má sì yà kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi sí ọkàn pẹ̀lú pé ilé-iṣẹ́ tó wó ló sábà máa ń sọnù nínú dátà. Ẹ wá wọn rí.

5. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe é

Ojú ìwé kan tó. Ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n, bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n, ẹni tí ẹ máa fi wé ta, àti ohun tí yóò mú kí ẹ gbà pé èrò yín kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ déètì sí i.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé ilé-iṣẹ́ kì í jókòó kí nǹkan kàn ṣẹlẹ̀ sí i. Òun ló ń yàn. Ẹ rí àwọn bébà tó sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ọ́dítọ̀ ńlá ń yẹ ìwé rẹ̀ wò ní ìwé tó mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ta ló mú ọ́dítọ̀ ọ̀hún? Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ ni kì í bẹ̀rù ọ́dítọ̀ ńlá. Kíkó ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ àti gbèsè rẹ̀ sínú regression, ìṣirò tó ń wo bí nǹkan kan ṣe bá òmíràn rìn, kò wo àìsàn yìí sàn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kò fọwọ́ ara rẹ̀ yàn ni kí ẹ wá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo ọjọ́ òfin láti òkè.

Ẹ tún béèrè ẹni tí nọ́ńbà náà ń ṣe láǹfààní. Ní 1991, Jones wo àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bẹ ìjọba pé kó dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun. Ìjọba máa ń wo èrè wọn kó tó dá wọn lóhùn, nítorí náà ó dáa fún wọn kí èrè dà bíi pé ó kéré. Ó sì rí i pé lọ́dún tí wọ́n ń wádìí wọn, apá èrè tí kì í ṣe owó gidi ń lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtàn náà mọ́lẹ̀: ẹ mọ ẹni tó ń ṣe é, ìgbà tó ń ṣe é, àti ìdí. Ó dùn mí pé láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ti mú òṣùwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ti fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kàn ń dàgbà kíákíá, tí àwọn oníbàárà sì jẹ ẹ́ lówó, òṣùwọ̀n yẹn lè pè é ní ẹlẹ́tàn.

6. Ìṣirò gan-an

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ìwé ẹ̀kọ́ pọ̀. Ẹ dín agbára nọ́ńbà tó jìnnà jù kù, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ gé e dé. Ẹ ka ọdún mẹ́wàá ilé-iṣẹ́ kan sí ẹbí kan náà nígbà tí ẹ bá ń ṣírò àṣìṣe, torí wọn kì í ṣe àjèjì síra wọn. Tó bá jẹ́ ṣáájú-àti-lẹ́yìn òfin lẹ ń wò, ẹ ya àwòrán ọdún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òfin tó dé. Tí ìlà àwọn tí òfin kàn àti ti àwọn tí kò kàn bá ti ń pínyà tẹ́lẹ̀, ẹ dúró.

Ẹ sọ àbájáde di owó. Tí 0.02 bá jáde lórí ETR, fún ilé-iṣẹ́ wa tó jèrè 1,000, 20 ni. Ṣé 20 tó nǹkan tí ọ̀gá kan máa torí rẹ̀ yí ìwé padà? Tí kò bá tó, ìràwọ̀ mẹ́ta tí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, àmì pé kò dà bí èèṣì, ò wúlò.

7. Ẹ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ọ̀rọ̀

Ilé-iṣẹ́ tó lo òfin láti dín owó orí kù yàtọ̀ sí èyí tó pa irọ́ fún ìjọba. ETR tó kéré ò fi ìyàtọ̀ yẹn hàn; ó kàn sọ pé owó orí kéré sí èrè ni. Bébà tó bá kọ “jíjí owó orí” nítorí ETR 18%, ẹ̀sùn ló fi kan èèyàn láìrí ẹ̀rí.

Kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ náà máa ń ṣe irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2011, Loughran àti McDonald fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwé atúmọ̀ gbogbogbò kan kà sí ọ̀rọ̀ burúkú kì í ṣe burúkú nínú ìwé ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí owó orí àti èyí tó túmọ̀ sí gbèsè wà lára wọn. Fojú inú wo ẹni tó ṣe ìwádìí lórí owó orí, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń ka gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ owó orí sí ẹkún.

8. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ yan jọ́nà nípa wíwo ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín ń tọ́ka sí jù. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún ka lẹ́tà wọn. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ bébà yín wò bá ṣì yín gbọ́, ibi tí ẹ ti kọ ọ́ ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má bá a jà.

Ẹ kó dátà tútù, àwọn fáìlì ìṣirò àti ojú ìwé ètò tó ní déètì sínú fódà kan. Ẹ gbé e fún ọ̀rẹ́ kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, kó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó tẹ fáìlì kan ṣoṣo, kó sì wò ó bóyá Tébù 3 rẹ̀ bá ti inú bébà yín mu. Tí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.